Ilé àgbéka lórí píkọ́ọ̀pù, Họ́mà bọ́ọ̀sì, tàbí Canter: èwo ni kí ẹ fi ṣe ilé lójú ọ̀nà ní Kwara?

Ẹni tó bá sọ fún mi pé òun fẹ́ máa gbé inú ọkọ̀ fún oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, n kì í kọ́kọ́ béèrè iye owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé: lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá wọ ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, tí wọ́n tú jíà sílẹ̀, tí wọ́n ní kí ẹ padà wá lọ́tùúnla, níbo lẹ máa sùn?

Kì í ṣe arìnrìn-àjò afẹ́ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹni tó ń wá omi fún àwọn tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹni tó ń ta irúgbìn àti oògùn oko láti ọjà kan sí èkejì, ayàwòrán tó ń lọ síbi ọdún ìbílẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ilẹ̀ Yorùbá títí dé Kàbà: gbogbo wọn ló máa ń ro ó pé owó òtẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ jù, àti pé ó yẹ kí ibùsùn máa tẹ̀ lé ènìyàn lọ. Ọkọ̀ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ fún wọn.

Ti àkọ́kọ́ ni ilé àgbéka. Àpótí ni, ó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti fèrèsé, wọ́n ṣe é ní ìwọ̀n ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, wọ́n gbé e ka ibi ìkẹ́rù, wọ́n sì fi ṣéènì dè é mọ́ ọkọ̀. Jáàkì mẹ́rin wà ní igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ ó fi jáàkì gbé e sókè títí yóò fi kúrò lára ọkọ̀, ẹ ó sì rọra wa ọkọ̀ jáde lábẹ́ rẹ̀. Èkejì ni Toyota Hiace, tí gbogbo wa ń pè ní Họ́mà bọ́ọ̀sì, tí wọ́n tú àga inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sọ ọ́ di yàrá. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ akẹ́rù kékeré bíi Canter tàbí Dyna, tí wọ́n kan ilé sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kàráfáànù tí ọkọ̀ ń fà wà pẹ̀lú, àmọ́ n kò ní bá a jìnnà. Ẹni tó bá ti rí bí ohun tí ọkọ̀ ń fà ṣe ń fò lórí àwọn bọ́ǹpù tí ará àdúgbò fọwọ́ ara wọn mọ sójú títì kò ní bi mí ní ìdí.

Nínú àwọn mẹ́ta yìí, ilé àgbéka nìkan ló lè dáhùn ìbéèrè mi láìṣe kábàkábà. Ẹ sọ àpótí kalẹ̀ sí àgbàlá ẹni tó gbà yín lálejò ní Ọ̀fà, ẹ to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀ kó má baà máa mì, ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ̀yin sì wà nínú ilé yín, ẹ ń se iṣu. Bí ẹ bá fẹ́ dúró sí ìlú kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, píkọ́ọ̀pù á bọ́ lọ́wọ́ àpótí, á di ọkọ̀ iṣẹ́. Ẹ lè fi ru sìmẹ́ńtì, ẹ lè fi gbé èrò. Bọ́ọ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fẹ́ lọ ra ata rodo ní ọjà Ìpàta ní Ìlọrin, gbogbo ilé ló ń bá yín lọ: ìkòkò ń dún, aṣọ ń já bọ́ látorí okùn, kẹ́ẹ̀gì omi ń yí gbirigbiri nílẹ̀.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ǹ bá ní kí gbogbo ènìyàn lọ wá píkọ́ọ̀pù. Ìwúwo ni kò jẹ́ kó parí síbẹ̀.

Ìwúwo

Àwọn àwòrán tó ń wu ènìyàn lórí fóònù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti Amẹ́ríkà wá. Ọkọ̀ tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, àwọn píkọ́ọ̀pù ńlá bíi Ford F-250, F-350 àti irú wọn, kì í ṣe ẹgbẹ́ Hilux rárá. Àpótí ńlá tó ní ilé ìwẹ̀ nínú lè wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ kí wọ́n tó bu omi kankan sí i. Hilux tiwa, ẹrù tí àwọn tó ṣe é ní kó máa gbé kì í sábà kọjá nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan, àwọn mìíràn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú wà nínú ìṣirò yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àgbàlagbà méjì, kílò 150. Kẹ́ẹ̀gì omi onílítà 25 méjì, kílò 50, torí kílò kan ni lítà omi kan. Sílíńdà gáàsì kékeré tó kún, bíi 15. Bátìrì olómi kan, bíi 30. Aṣọ, oúnjẹ, irinṣẹ́ àti ìkòkò, ẹ fi 120 sí i, ọwọ́ híhá ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ó ti tó 365 báyìí, a kò tíì gbé àpótí fúnra rẹ̀ lé ọkọ̀. Ohun tó kù fún un kò ju nǹkan bíi 635 lọ lára ọkọ̀ tó lágbára jù. Ní tèmi, ẹni tó bá mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí òfìfo àpótí kọjá 450.

Ibi tí wẹ́dà ti ń wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà tó mọṣẹ́ ní Gánmọ̀ àti káàkiri Ìlọrin, géètì àti kóńténà ni ọwọ́ wọn ti mọ́. Géètì tó wúwo ni géètì tó dára lójú wọn. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí irú ìjíròrò yìí wáyé:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lo irin tó nípọn o. Bó bá ya lójú ọ̀nà, èmi náà lẹ máa bú."

"Àbúrò mi, má bínú. Kóńténà tí ò ń ṣe, ilẹ̀ ló ń rù ú. Èyí, táyà mẹ́rin ló máa rù ú."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Mo ti sọ tèmi."

Irin áńgù tó fẹ̀ ní mílímítà 40, tó nípọn ní mẹ́rin, mítà kan rẹ̀ wúwo tó kílò méjì ààbọ̀. Bí ẹ bá fi 50 mítà rẹ̀ ṣe egungun àpótí, kílò 120 ti lọ. Áluminíọ̀mù kò wúwo ju ìdá mẹ́ta irin lọ, àmọ́ ó wọ́n, ẹni tó sì lè jó o pọ̀ dáadáa kò pọ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ máa ń fi igi tó fúyẹ́ ṣe egungun, wọn á wá fi páànù áluminíọ̀mù bò ó níta. Pílíwúùdù tó nípọn ní mílímítà 18, odindi páálí rẹ̀ kan lé ní kílò 30. Oní-9, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì rẹ̀. Ẹ fi oní-9 ṣe ògiri. Abẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ló nílò èyí tó nípọn. Kọ́bọ́ọ̀dù tí kápẹ́ńtà fẹ́ fi pákó ìrókò ṣe fún yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ní kó tọ́jú rẹ̀ fún ilé tí ẹ máa kọ́ lọ́jọ́ iwájú.

Ohun mìíràn tún wà tí kì í hàn nínú àwòrán. Ọ̀pọ̀ Hilux tó wà nígboro jẹ́ oníkábíìnì méjì, ibi ìkẹ́rù wọn kò sì gùn ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ti oníkábíìnì kan lé ní mítà méjì. Ènìyàn kò lè sùn gbọọrọ lórí mítà kan ààbọ̀, nítorí náà àpótí á yọ sẹ́yìn, tàbí kí apá ibùsùn rẹ̀ gun orí kábíìnì. Èyí tó gun orí kábíìnì ló dára. Èyí tó yọ sẹ́yìn jù máa ń mú kí ìwúwo bọ́ sẹ́yìn ásù ẹ̀yìn, ìyẹn á sì gbé iwájú ọkọ̀ fúyẹ́: ẹ ó yí ọwọ́, iwájú kò ní fi bẹ́ẹ̀ dáhùn, pàápàá nínú òjò. Bí ẹ bá wá ń gbá kòtò lójoojúmọ́ pẹ̀lú irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ṣáàsì lè tẹ̀ ní àárín kábíìnì àti ibi ìkẹ́rù. Ṣáàsì tó ti tẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi bébà bò. Òun ló fi jẹ́ pé bí ẹ bá ní àǹfààní àtiyàn, oníkábíìnì kan ni kí ẹ wá, bó bá tiẹ̀ ti dàgbà díẹ̀.

Ṣéènì tí ẹ máa fi de àpótí, ṣáàsì ni kí ó dì mú, kó má jẹ́ ara páànù ibi ìkẹ́rù. Páànù yẹn fúyẹ́ ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Kí ẹ sì tó san owó tán, ẹ gbé ọkọ̀ pẹ̀lú àpótí, omi àti ènìyàn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n bá yín wọ̀n ọ́n. Iye ẹrù tí ọkọ̀ yín lè gbé wà nínú ìwé rẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n táyà sí lẹ́nu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ wò fún táyà, nítorí táyà náà ní iye tó lè rù.

Oríṣi àpótí kan wà tí òrùlé rẹ̀ ń lọ sókè sódò, tí ògiri apá òkè rẹ̀ jẹ́ aṣọ tapólì. Ó fúyẹ́, kò sì ga lójú ọ̀nà, wáyà iná tó rọ̀ wálẹ̀ ní àwọn àdúgbò wa kò lè kàn án. Síbẹ̀ n kì í dábàá rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbé inú rẹ̀ pẹ́ níhìn-ín. Eruku ọyẹ́ máa ń gba ojú rírán aṣọ wọlé, ọ̀bẹ lásán sì tó láti là á. Ẹni tó ń lo òpin ọ̀sẹ̀ nìkan lè rà á.

Họ́mà bọ́ọ̀sì

Ọlá bọ́ọ̀sì yìí ni pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n. Bó bá bàjẹ́ ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ní Òmù-Àrán tàbí ní abúlé tó wà láàárín wọn, mẹkáníìkì tó ti tú irú rẹ̀ rí kò jìnnà. Ẹ̀yà ara rẹ̀, tòkunbọ̀ àti tuntun, wà níbi gbogbo. Òrùlé gíga rẹ̀ jẹ́ kí ẹni tí kò ga jù lè dìde dúró nínú rẹ̀. Ìwúwo kò sì jẹ́ ẹ̀rù níbẹ̀ tó bí ó ṣe jẹ́ lórí píkọ́ọ̀pù, torí pé èrò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ibùsùn, bátìrì méjì, omi ọgọ́rùn-ún lítà, kò ní mí gúlegúle.

Ìṣòro rẹ̀ pín sí méjì. Ó rẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nìkan ló sì ń tì í. Ní ọ̀dà ó dára. Nínú ẹrẹ̀ pupa, ẹ máa wá àwọn ọ̀dọ́ abúlé tó máa tì yín, ẹ ó sì fún wọn lówó. Èkejì ni pé ẹ́ńjìnnì wà lábẹ́ àga iwájú. Bí ẹ bá ti Ìlọrin wa á dé Ìbàdàn lọ́sàn-án, ooru rẹ̀ á ti wọ inú yàrá, alẹ́ á sì lẹ́ kó tó tutù.

Ohun kẹta kì í ṣe ìṣòro tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rín ló ń pani. Ní gbogbo ibi tí ẹ bá dé ni wọ́n á ti máa dá yín dúró: "Ọ̀fà! Ọ̀fà! Ẹ gbé mi!" Ìyá alágbo á ti gbé igbá rẹ̀ rù, á rò pé òun ti rí ọkọ̀. Àwọn ọmọ gáréèjì náà á máa bèèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà tó ní lẹ́tà búlúù, ti ọkọ̀ àdáni, máa ń gbà yín lọ́wọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí pupa ni ti ọkọ̀ èrò. Ẹ sì kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ tí kò jọ ti bọ́ọ̀sì gáréèjì. Kí ẹ tó tú àga kúrò tàbí gé òrùlé, ẹ lọ bèèrè ní ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀ nípa ohun tó yẹ kí ìwé sọ.

Ohun kan wà tí bọ́ọ̀sì fi borí ilé àgbéka pátápátá, n kò sì fẹ́ fojú kéré rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí kò dùn mọ́ yín nínú lóru, ẹ kàn máa dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ bọ́ sórí àga awakọ̀, ẹ ṣíná, ẹ lọ. Ẹ kò ṣí ilẹ̀kùn kankan. Ẹni tó wà nínú ilé àgbéka gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde síta nínú òkùnkùn kó tó wọ kábíìnì. Obìnrin tó ń dá rìn, mo máa ń sọ fún un láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé bọ́ọ̀sì ni kó rà.

Canter

Fún ìdílé tó ní ọmọ, èyí ni. Ààyè wà fún ibùsùn méjì, ilé ìwẹ̀ àti tábìlì. Kò sí ẹni tí ìwúwo pílíwúùdù ń dà láàmú níbí. Dísẹ́ẹ̀lì ni púpọ̀ nínú wọn ń mu, ẹ́ńjìnnì wọn kì í tètè kú. Àmọ́ ó ń rìn bí àgbà, ó ń pariwo, àwọn tó ń gba owó ẹrù lójú ọ̀nà kò sì ní gbà gbọ́ pé kò sí ẹrù nínú rẹ̀. Ẹ ó máa ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ọlọ́pàá, ẹ ó máa ṣàlàyé bẹ́ẹ̀dì. Kò rọrùn láti yí i padà ní ojú ọ̀nà tóóró àárín ìlú àtijọ́ bíi ti àyíká Ọjà Ọba ní Ìlọrin. Ẹni tí kò ní ọmọ, n kò rí ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Bí mo bá gbé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bó ṣe rí nìyí:

| | Ilé àgbéka lórí píkọ́ọ̀pù | Họ́mà bọ́ọ̀sì | Canter tàbí Dyna |
|---|---|---|---|
| Ọjọ́ mẹkáníìkì | Ilé dúró sílẹ̀, ọkọ̀ lọ | Ẹ wá ibòmíràn sùn | Ẹ lè sùn nínú rẹ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì, bó bá gbà |
| Ẹrẹ̀ àti òkúta | Ó dára jù, bó bá jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin (4x4) | Kò dára | Ó ga, ṣùgbọ́n ó lè rì |
| Ìwúwo | Ìṣòro ńlá | Kò nira | Kò sí wàhálà |
| Gbígbéra lóru | Ẹ gbọ́dọ̀ jáde síta | Láti bẹ́ẹ̀dì sórí àga | Ẹ gbọ́dọ̀ jáde, àfi tí ẹ bá la ojú ọ̀nà sí kábíìnì |
| Iye ènìyàn | Ọ̀kan, tàbí tọkọtaya | Ọ̀kan, tàbí tọkọtaya | Ìdílé |
| Ojú tí wọ́n fi ń wò ó | Wọ́n á péjọ wá wò ó | Ọkọ̀ èrò | Ọkọ̀ ẹrù |

Ìlà kejì yẹn ni ilé àgbéka ti ń gba ẹ̀san ìyà tó jẹ lórí ìwúwo. Ẹ wo ìṣàn omi Owù ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, lọ́nà Ọwá-Onírè. Omi yẹn ń já wálẹ̀ láti ibi tó ga tó nǹkan bí 120 mítà. Ìgbà òjò ló kún dáadáa, ìgbà òjò náà sì ni ọ̀nà ibẹ̀ kì í ṣe ti bọ́ọ̀sì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹ̀sìẹ́ yàtọ̀: ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọkọ̀ kí ọkọ̀ sì lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn ibi tí iṣẹ́ yín tàbí ìfẹ́ yín ń gbé yín lọ sílẹ̀. Bí púpọ̀ nínú wọn bá jẹ́ bíi Ẹ̀sìẹ́, ẹ má fi owó yín ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.

Ooru, iná àti ibòji

Ooru ló ń lé ènìyàn jáde nínú ilé ọkọ̀ ní Ìlọrin, kì í ṣe àìsí ààyè. Láti oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin, kí òjò tó fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, àpótí onípáànù tó dúró sí oòrùn láti àárọ̀ kò ṣe é wọ̀ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ìṣòro yìí, ṣùgbọ́n oògùn rẹ̀ kò rí bákan náà. Nínú ilé àgbéka tí ẹ fúnra yín ṣe, ẹ lè ki fóòmù líle sáàárín ògiri méjèèjì, kí ẹ ṣe fèrèsé kan nísàlẹ̀, kí ẹ ṣe èkejì sókè ní òdìkejì rẹ̀, kí atẹ́gùn tútù máa gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí gbígbóná gba òkè jáde. Ara bọ́ọ̀sì kún fún gíláàsì, gíláàsì sì ni ilẹ̀kùn ooru. Ẹ máa fi nǹkan dí wọn. Ohun tó kan gbogbo wọn ni ọ̀dà funfun lórí òrùlé àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n máa ń bi mí nípa Éẹ̀sì, ẹ̀rọ amúlétutù. Éẹ̀sì oní-horsepower kan ń jẹ iná tó tó wáàtì 750 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì lithium 100Ah oní-12 fólìtì kan ní nǹkan bí wáàtì-wákàtí 1,200 nínú. Wákàtí kan ààbọ̀, ó ti parí. Fáànù oní-12 fólìtì ń jẹ nǹkan bíi 25, á sì fẹ́ yín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fáànù ni kí ẹ rà.

Bátìrì olómi 100Ah, bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́, ìdajì rẹ̀ ni kí ẹ máa lò, á sì fẹ́ wúwo tó kílò 30. Lithium kò ju bíi 12 lọ, ẹ sì lè lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó wọ́n ju èkejì lọ gan-an. Ẹni tó ní Canter kò ní ìdí tó fi gbọ́dọ̀ san owó yẹn nítorí ìwúwo. Ẹni tó ní ilé àgbéka, kílò mẹ́jìdínlógún tó rí gbà padà níbẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kẹ́ẹ̀gì omi kan. Páẹ́nẹ́ẹ̀lì sólà 200 wáàtì á máa dá púpọ̀ nínú iná tí ẹ lò padà sínú bátìrì bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, á sì gbé fáànù, iná, fóònù, kọ̀ǹpútà àti fìríìjì kékeré oní-12 fólìtì tí wàrà yín á wà nínú rẹ̀.

Ìjà tó wà níbẹ̀ ni pé abẹ́ igi máńgòrò tí ara fẹ́, sólà kò fẹ́ ẹ. Bí páẹ́nẹ́ẹ̀lì bá wà lórí òrùlé, ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ wà nínú oòrùn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn páẹ́nẹ́ẹ̀lì tó dá dúró, tó ní wáyà mítà mẹ́wàá: ọkọ̀ lábẹ́ igi, páẹ́nẹ́ẹ̀lì nínú oòrùn, kí ẹ gbé e wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú kí ẹlòmíràn má baà bá yín gbé e. Nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ tútù nù ún ní kùtùkùtù.

Omi àti ìgbọ̀nsẹ̀ kò ní ìtàn púpọ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 dára ju táǹkì tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ lọ, torí kànga àti ẹ̀rọ ìfami wà níbi tí mọ́tò kò lè dé. Ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú pákó tí àwọn onísọ́ọ̀mìlì ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, ń ṣiṣẹ́ láìrùn. Ilé epo ńlá ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mọ́ṣáláṣí ní búta. Gáàsì nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nílẹ̀ ló ń kóra jọ sí bó bá ń jò, nítorí náà ihò tó máa lé e jáde gbọ́dọ̀ wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, kí sílíńdà sì wà nínú àpótí tirẹ̀ tó ṣílẹ̀kùn síta. Ẹ má dá èédú nínú ilé ọkọ̀, bó ti wù kí òtútù ọyẹ́ mú tó.

Ibi tí ẹ máa sùn

Ìwé àwọn òyìnbó máa ń sọ pé kí ẹ wá ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ nínú igbó kí ẹ dúró síbẹ̀. Ní Gúúsù Kwara, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjínigbé ti wọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà àti abúlé ní ìhà Ìfẹ́lódùn àti Èkìtì ti Kwara. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025 àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn ní Èrúkù, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì jí ènìyàn gbé. Nítorí náà, kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ ti wà nínú ọgbà tó ní géètì: ti òtẹ́ẹ̀lì tó máa gbà kí ẹ san owó ibi ìgbọ́kọ̀sí, ti ìjọ, ti mọ́ṣáláṣí, ti ilé ìwé, tàbí ti ẹbí. Ní ìlú kékeré, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀ tàbí ọba, kí ẹ sọ orúkọ yín, ìlú yín àti iṣẹ́ tó gbé yín wá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọdẹ àdúgbò mọ ọkọ̀ yín. Àpótí tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí, tó dé lálẹ́ láìkí ẹnikẹ́ni, àwọn ará ìlú lè pè é ní ọkọ̀ gbọ́mọgbọ́mọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí ẹ bá sì ń sùn nínú ọgbà ní gbogbo ìgbà, àǹfààní tí bọ́ọ̀sì ní lóru máa ń dín kù, ti ọjọ́ mẹkáníìkì tí ilé àgbéka ní sì máa ń pọ̀ sí i. Òun ló mú mi fẹ́ràn ilé àgbéka fún ẹni kan tàbí tọkọtaya tí iṣẹ́ wọn ń gbé wọn wọ inú oko, tó jẹ́ pé wọn yóò ra píkọ́ọ̀pù bó bá tiẹ̀ ṣe pé wọn kò fẹ́ gbé inú rẹ̀. Ẹni tí kò nílò píkọ́ọ̀pù fún iṣẹ́ kankan, tó kàn fẹ́ máa rin ọ̀nà ọ̀dà láti Ìlọrin sí Ọ̀fà, sí Òṣogbo, sí Adó-Èkìtì, kí ó ra bọ́ọ̀sì. Owó epo pàápàá á sàn fún un, torí pé àpótí gíga lórí píkọ́ọ̀pù ń bá atẹ́gùn jà ní gbogbo ọ̀nà, àti pé láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tó ń fi lítà epo ṣeré mọ́.

Nípa títà: bọ́ọ̀sì, ẹ dá àga padà sínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí gáréèjì, ẹ ó rí ẹni rà á. Píkọ́ọ̀pù náà kì í pẹ́ lọ́jà. Àpótí ni kò ní oníbàárà nílẹ̀ wa báyìí, àmọ́ bí ẹ bá yọ ibùsùn rẹ̀, tí ẹ gbé e kalẹ̀ sí ojú títì níwájú ilé, kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi wá bèèrè iye tí ẹ máa yá a fún òun láti máa fi ṣe POS.